Ihò Mẹ́ta Tàbí Ojú Abẹ Gígùn: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn, Àti Ìgbà Tí Dókítà Gbọ́dọ̀ Yí Padà

Nọ́ọ̀sì tó jáde wá bá mi kò yọ ìbòmú rẹ̀ tán. Ó kàn fà á sí abẹ́ àgbọ̀n. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú aláìsàn tó ní kókó lórí ilé ẹyin? Dókítà ní kí n sọ fún yín pé wọ́n máa là á o."

Agogo mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin níta tíátà ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì, fúlásíìkì ògì wà lẹ́sẹ̀ mi, torí wọ́n ti sọ fún wa pé kó tó di alẹ́, àbúrò mi á ti lè mu nǹkan. Ihò mẹ́ta péré ni wọ́n ní àwọn máa lu. Ọjọ́ kejì, ilé.

"Ẹ máa là á kẹ̀? Ṣebí oníhò lẹ sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, oníhò la fi bẹ̀rẹ̀."

"La fi bẹ̀rẹ̀." N kò gbọ́ irú gbólóhùn yẹn rí títí di ọjọ́ náà, ó sì yẹ kó ti ẹnu èmi gan-an jáde kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe ètò ìlera lédè Yorùbá lórí rédíò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ oníhò fáwọn obìnrin, tí mo ń yìn ín bí ẹni ń polówó ọṣẹ. N kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ó lè bẹ̀rẹ̀ sí oníhò kó parí sí lílà. Gbèsè ètò méjèèjì yẹn ni mò ń san níbí.

Laparoscopy ni àwọn dókítà ń pe iṣẹ́ abẹ oníhò yìí. Nínú wọ́ọ̀dù, "oníhò" tàbí "oníkámẹ́rà" ni mò ń gbọ́. Èkejì kò lórúkọ àrà ọ̀tọ̀ lẹ́nu wa: "wọ́n là á" náà ni.

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an

Tó bá jẹ́ oníhò, wọ́n á gé ojú kan sínú ìdodo tàbí lẹ́bàá rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n á sì gé méjì tàbí mẹ́ta mìíràn sísàlẹ̀ ikùn, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Wọ́n á fẹ́ gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì sínú ikùn títí á fi wú bí ìlù, torí kò sí àyè tí kámẹ́rà lè fi ríran nínú ikùn tó pẹlẹbẹ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì yẹn. 12 sí 15 ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dorí ibùsùn kodò kí ìfun lè yí lọ sápá òkè, kí ilé ọmọ àti ilé ẹyin lè yọjú. Tẹlifíṣọ̀n ni dókítà ń wò, irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló sì fi ń di nǹkan mú.

Tó bá jẹ́ lílà, ojú abẹ méjì ló wà. Èyí tó gba ìbú, lókè ibi tí irun abẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí fún mọ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Pfannenstiel, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1900, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣì fi ń pè é. Èkejì gba òòró, láti abẹ́ ìdodo lọ sísàlẹ̀, ó sì ṣeé fà gùn sókè tó bá di dandan. Èyí ni wọ́n ń lò tí kókó bá tóbi gan-an, tí wọ́n bá ń fura sí jẹjẹrẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya tí kò sí àsìkò.

Lílà ní ohun kan tí oníhò kò ní, ìyẹn ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká mú fáíbírọ́ìdì. Èyí tó tó àgbálùmọ̀, kámẹ́rà á rí i. Èyí tó kéré bí ẹyọ ẹ̀wà, tó sin ara rẹ̀ sínú ẹran ilé ọmọ, ìka ló ń bá a. Ìdí rèé tí dókítà tó mọṣẹ́ fi lè sọ fún obìnrin tó ní kókó mẹ́wàá, méjìlá, pé ká kúkú là á, kì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà.

Oorun náà yàtọ̀. Oníhò fẹ́ oorun pátápátá, pẹ̀lú rọ́bà lọ́nà ọ̀fun àti ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, torí gáàsì ń ti àyà sókè, orí sì wà nísàlẹ̀. Lílà sísàlẹ̀ ikùn ṣeé fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Àǹfààní kékeré kan wà nínú èyí: ẹni tí wọ́n bá yí tiẹ̀ padà ti sùn tẹ́lẹ̀, wọn ò ní jí i kí wọ́n tó là á.

Oníhò kì í sì í ṣe ohun àná. Raoul Palmer, dókítà ará Faransé, ti ń wo inú ikùn àwọn obìnrin lọ́nà yìí ní Paris láti àwọn ọdún 1940. Ẹyin tó di Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe oyún rẹ̀ níta ara, tí wọ́n bí ní 1978, laparoscopy ni Patrick Steptoe, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mú un jáde. Ọdún 1988 ni dókítà Harry Reich fi ọ̀nà yìí yọ ilé ọmọ ní Amẹ́ríkà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| | Oníhò | Lílà |
|---|---|---|
| Ojú abẹ | 3 tàbí 4, kéékèèké | Ẹyọ kan, gígùn |
| Oorun | Pátápátá | Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí pátápátá |
| Ọjọ́ ní wọ́ọ̀dù | 1 sí 2 lọ́pọ̀ ìgbà | 3 sí 5 lọ́pọ̀ ìgbà |
| Kí ara tó padà sípò | Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 | Bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 |
| Ìrora tó jẹ́ tiẹ̀ | Èjìká, nítorí gáàsì | Ojú abẹ, tí èèyàn bá wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín |
| Kí ojú abẹ kẹ̀ | Kò wọ́pọ̀ | Ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Kíkó kókó kéékèèké tán | Ojú nìkan ló ń wá a | Ojú àti ìka |
| Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya | Irin ló ń lé e | Ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ |

Ẹni tó bá wo tábìlì yìí kíákíá á ní oníhò ti borí. Lóòótọ́, tí gbogbo nǹkan bá dọ́gba, èmi náà á mú oníhò. Ṣùgbọ́n nínú ikùn, gbogbo nǹkan kì í sábà dọ́gba. Mo sì fẹ́ kí ẹ wo ìlà kẹrin yẹn dáadáa, torí òun ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Ojú abẹ ìta ló kéré o. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú kò kéré. Obìnrin tí wọ́n fi ihò mẹ́ta yọ ilé ọmọ rẹ̀ ní ojú rírán nínú bíi ti ẹni tí wọ́n là. Mo mọ ẹnìkan ní Ìfàkì tó padà sídìí odó ní ọ̀sẹ̀ kejì torí pé "ihò lásán ni." Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e padà. Iyán gígún, omi pípọn, ọmọ pípọ̀n, gbogbo rẹ̀ á dúró títí dókítà á fi ní kó máa lọ.

Ìgbà tí oníhò gbọ́dọ̀ di lílà

Ọ̀nà méjì ni ìyípadà yìí ń gbà wá. Ìkíní, ìyípadà tí dókítà fi ọgbọ́n ṣe: ó wọlé, ó wò yíká, ó ní ọ̀nà yìí kò ní gbé wa débẹ̀ láyọ̀, ó dúró, ó là á. Ìkejì, ìyípadà pàjáwìrì: nǹkan ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya, wọ́n ń sáré là á. Ẹni tó jókòó níta kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, torí gbólóhùn kan náà ni nọ́ọ̀sì máa sọ. Bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀mí wà.

Ọ̀rọ̀ ojú tí kò ríran ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 lórí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ. Obìnrin 1,682 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oníhò fún. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 26 ni wọ́n padà là. Èèyàn 246 ni wọ́n là torí pé dókítà kò ríran dáadáa. Jẹjẹrẹ tó ti tàn kálẹ̀ fa ti èèyàn 69. Ẹ̀jẹ̀, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, 49 péré ni. Àìríran ju ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún! Iṣẹ́ jẹjẹrẹ tóbi o, ẹ má fi 26 yẹn ka kókó omi lásán. Ti ìyẹn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fà á kò yàtọ̀.

Kí ló ń ṣe ojú tí kò fi ní ríran? Ìfun tó lẹ̀ mọ́ ara wọn ló ṣáájú. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti là rí, ì báà ṣe torí fáíbírọ́ìdì, ìbímọ tàbí àpẹ́ńdíìsì, lè ní i. Àkóràn tó pẹ́ nínú túùbù tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ náà ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí ẹran inú ilé ọmọ fi ń hù síta, tí wọ́n ń pè ní endometriosis. Ti àbúrò mi rèé. Ọdún mẹ́fà ṣáájú, wọ́n ti là á yọ fáíbírọ́ìdì. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí fìlà tíátà ṣì wà lórí rẹ̀, wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Inú ti ń bí mi, mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Mà, ṣé ẹ ti fọ odó tó sùn láìfọ̀ rí?"

Mo ní ta ni kò fọ̀ ọ́ rí ní Èkìtì.

Ó ní, "Bí iyán àná ṣe ń gbẹ mọ́ inú odó, bẹ́ẹ̀ ni ìfun wọn ṣe gbẹ mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú tú u díẹ̀díẹ̀. Tí èèyàn bá fi ọ̀bẹ ha odó, igi náà lè ya, kò sí nǹkan kan. Tí ìfun bá ya lẹ́nu irin mi, tí n kò sì rí i, ẹ máa gbé wọn relé, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ kẹta lẹ máa wá bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo bá ní ká là á, kí n lè fojú mi rí ohun tí mò ń gé."

Inú tó ń bí mi kò kúrò lójú ẹsẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odó yẹn ló jẹ́ kó yé mi pé ogójì ìṣẹ́jú rẹ̀ ni mo ń sanwó fún, kì í ṣe ihò mẹ́ta.

Sísanra náà ń dí ojú lọ́wọ́. Nínú ìwádìí 2009 yẹn, láàárín àwọn tí òṣùwọ̀n BMI wọn (ìyẹn bí èèyàn ṣe wúwo sí gíga rẹ̀) jẹ́ 25, bíi 17 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yí padà. Láàárín àwọn tí tiwọn ju 40 lọ, ó lé ní 57. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdààmú tiẹ̀ nínú: ojú abẹ gígùn máa ń kẹ̀ gan-an lára ẹni tó sanra, nítorí náà òun gan-an ni oníhò á ṣe lóore jù, òun náà ló sì ṣeé ṣe jù kí oníhò já kulẹ̀ lára rẹ̀. Kí ẹni tó sanra má gbà kí wọ́n lé e lọ sí lílà láìgbìyànjú, kó sì má ṣe yà á lẹ́nu tó bá jí bá ojú abẹ gígùn.

Bí kókó tàbí ilé ọmọ bá tóbi débi tó fi dé ìdodo tàbí kọjá rẹ̀, kò sí àyè fún irin láti rìn. Ìyẹn ṣeé mọ̀ látinú síkáànì, kò yẹ kó jẹ́ orí tábìlì tíátà ni wọn á ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Ibi ìdodo tí wọ́n ti ń wọlé, ìtòsí rẹ̀ lápá ẹ̀yìn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù nínú ara ti pín sí méjì. Lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ àti awọ ikùn kò jìnnà. Bí irin àkọ́kọ́ bá kàn án, kò sí ìjíròrò, lílà ni, lójú ẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n òun ló fà á tó fi yẹ kí àwọn irin lílà ti wà ní títò sílẹ̀ nínú tíátà kan náà kí wọ́n tó lu ihò àkọ́kọ́. Fún ẹni tí wọ́n ti là gba ìdodo kọjá rí, àwọn dókítà kan máa ń gba abẹ́ egungun ìhà òsì wọlé dípò ìdodo, torí ìfun kì í sábà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Palmer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló ni ọgbọ́n yẹn.

Ìfun tó lu, àpò ìtọ̀ tó ya, tàbí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín tí wọ́n gé: àwọn dókítà kan lè rán an láti inú ihò, àwọn mìíràn á là á kí wọ́n lè rán an dáadáa. Èyí tó bá mọ ìwọ̀n ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ gbàdúrà fún.

Ẹni tó ń fún aláìsàn lóorun náà lè dá iṣẹ́ dúró. Tí gáàsì àti orí kodò bá ń fún ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró lọ́rùn, tí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọlẹ̀, á ní kí wọ́n tú gáàsì jáde. Tí ara bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, lílà ló kù. Kámẹ́rà tó kú tàbí iná orí rẹ̀ tó jó náà wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kókó tí wọ́n rò pé omi lásán ni, tó wá ní àpẹẹrẹ jẹjẹrẹ nígbà tí wọ́n rí i: wọn kì í fẹ́ kó bẹ́ sínú ikùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ń dùn mí nípa bí wọ́n ṣe ń ka ìyípadà yìí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004 lórí yíyọ ilé ọmọ, wàhálà ńlá ti oníhò jẹ́ 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ti lílà sì jẹ́ 6.2. Ṣùgbọ́n wọ́n ka lílà tí wọn ò pète tẹ́lẹ̀ mọ́ wàhálà. Ó ní bó ṣe tọ̀nà, torí ara obìnrin náà ló gba ojú abẹ tí kò retí. Síbẹ̀, tí dókítà bá mọ̀ pé wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá là, á máa fi irin wá ọ̀nà nígbà tó yẹ kó ti dúró. Èyí tí wọ́n là lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú kò yẹ kó wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n là lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ ti kún ilẹ̀.

Ta ni kó kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lílà?

Obìnrin tí oyún ìta ilé ọmọ bẹ́ mọ́ lára, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọlẹ̀. Níbi tí ẹni tó mọ oníhò dáadáa kò bá sí nílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun èlò rẹ̀ lóru yẹn, kí wọ́n là á. Ọ̀nà tó bá yá jù láti fi nǹkan di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya ni ọ̀nà tó dára jù. Tí oyún ìta ilé ọmọ kò bá tíì bẹ́, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, oníhò ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ àti ẹran tó yí i ká. Níbí, ìrírí ti dojú ìrètí dé. Ní 2018, ìwádìí kan fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 4.5, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n là, 96.5 ló wà láàyè láìsí jẹjẹrẹ. Nínú àwọn tí wọ́n fi oníhò ṣe tiwọn, 86. Láti ìgbà náà, lílà ni wọ́n padà sí fún irú iṣẹ́ yẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń fi "ìgbàlódé" polówó oníhò fún ìyá yín lórí àrùn yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Fáíbírọ́ìdì ńlá náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Kókó tó tó orí ọmọ kò lè gba ihò ìdajì sẹ̀ǹtímítà jáde; ẹ̀rọ kan wà tó ń gé e wẹ́wẹ́ nínú ikùn. Ní oṣù kẹrin 2014, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí: wọ́n fojú bù ú pé nínú obìnrin 350 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún torí fáíbírọ́ìdì, ẹnìkan lè ní irú jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni kò fura sí, ẹ̀rọ náà sì lè fọ́n ọn káàkiri ikùn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa kó kókó yín jáde. Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé inú àpò ni wọn á ti gé e, tàbí pé wọ́n á gé ojú kékeré kan fi yọ ọ́, ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

Fún kókó omi tí kò ní ìfura, fún wíwo túùbù obìnrin tó ń wá ọmọ, fún endometriosis, fún fáíbírọ́ìdì ẹyọ kan tó rọ̀ sórí igi tirẹ̀ bí èso, oníhò ni kí ẹ wá tí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Èkìtì níbí

EKSUTH (ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) ní Adó, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Afe Babalola ní Adó ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rìn dé láti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka àwọn obìnrin. Ẹ má kàn béèrè pé ṣé wọ́n ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè pé ta ló máa dì í mú, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì ń ṣe é láàárín oṣù kan.

Iye méjì ni kí ẹ gbà sílẹ̀: iye oníhò, àti iye tó máa jẹ́ tó bá di lílà. Àwa gba ẹyọ kan. Ìgbà tí owó ọjọ́ mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù, oògùn àti rọ́bà ìtọ̀ gorí ti àkọ́kọ́, POS tó wà lẹ́nu géètì ni mo ń sá lọ sá bọ̀ sí. Tí ẹ bá ní ìwé insọ́ránsì ìlera, ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá ó gba méjèèjì.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan rò pé oníhò kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Kí àwọn ará ilé tó máa fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti fà á sí báńkì ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá jáde ni wọn á máa pe ọkọ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé.

Ọ̀nà jíjìn tún kan oníhò ju lílà lọ, bó tilẹ̀ dà bí pé òdìkejì ni. Torí pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ń ní kéèyàn máa lọ, ilé ni wàhálà tó fara pamọ́ á ti yọjú. Ìtọ́sọ́nà àwọn dókítà obìnrin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nínú ìfun tí oníhò bá lu, ó lè tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ò ní rí lórí tábìlì. Òfin tí nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi rọrùn: lẹ́yìn oníhò, òní gbọ́dọ̀ sàn ju àná lọ. Tí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta bá burú ju ọjọ́ kìíní lọ, tí inú ń wú, tí èèyàn ń bì, tí ara ń gbóná, tàbí tí ìrora ń le sí i, ẹ padà síbi tí wọ́n ti ṣe é, ẹ má gba kẹ́míìsì lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ọ̀mùò tàbí Ọ̀tùn, kó wá ẹbí ní Adó tàbí Ìdó tó máa sùn sí fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìrora èjìká nìkan kò tó ohun tí à ń pariwo lé. Gáàsì tó kù lábẹ́ àyà ló ń fà á, ó ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà

Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ tí ẹ ò bá ní àyè. Bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ máa rí. Ẹ bi í pé: "Dókítà, kí ló máa mú yín là mí?"

Ẹni tó bá dáhùn pé "tí mo bá rí i pé ìfun ti lẹ̀, tí n kò rí ọ̀nà láàárín báyìí báyìí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ju báyìí lọ," ti ro ikùn yín wò ṣáájú. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní òun kò là ẹnikẹ́ni rí, ó lè jẹ́ pé ó mọṣẹ́ gan-an, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Èmi ò ní fi àbúrò mi mọ èyí tó jẹ́.

Kí ìbéèrè náà sì wáyé kó tó di àárọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí àbúrò mi buwọ́ lù pé wọ́n lè là á. Mo rí i lẹ́yìn náà. Aago mẹ́fà ìdájí ni wọ́n gbé e fún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹrù lórí mi. Ó buwọ́ lù ú lórí itan rẹ̀, kò ka ìlà kan.

Ó lo ọjọ́ márùn-ún ní wọ́ọ̀dù, ó sì padà sí kíláàsì rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ keje. Ojú abẹ mẹ́rin ló wà níkùn rẹ̀ báyìí: ihò mẹ́ta tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, àti ìlà gígùn tí wọ́n gé gba orí ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn gan-an. Dókítà tó bá wò ó lóde lè rò pé ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n là á. Kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gé inú ẹran ilé ọmọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí wọn ò sì fọwọ́ kàn án nígbà kejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ló máa pinnu bó ṣe máa bímọ tó bá lóyún. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ, mo ní a ò kúrò títí wọ́n á fi kọ ohun tí wọ́n ṣe, ìdí tí wọ́n fi là á, àti ibi tí ìfun ti lẹ̀ sínú ìwé fún wa. Dókítà onífìlà yẹn ló kọ ọ́, ojú ewé kan ààbọ̀. Àbúrò mi ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí èmi náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tọ́jú tiyín o, fóònù mi ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé."